Ṣé Mahomes ló bà á jẹ́ ni, àbí àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ? Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí

AdéHouston – ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kejì 2025

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àìsùn àná. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ dìjà nílé àna mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i kó tó di Sátidé.

Àwa mẹ́jọ la jókòó ti Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, lánàá nílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Philadelphia Eagles fi 40 sí 22 na Kansas City Chiefs ní New Orleans, ìyẹn ò láríyànjiyàn nínú. Patrick Mahomes, quarterback Chiefs (ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́), la ń jà lé lórí. Eré ò tíì tutù tí ẹ̀gbọ́n fi ní Mahomes ló fọwọ́ ara rẹ̀ da omi ẹgbẹ́ rẹ̀ nù, pé quarterback tó bá ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì kí abala kìíní tó parí, kò ní àwáwí kankan. Mo ní rárá o. Mo ní kí wọ́n wo ìwé: ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n ló ju bọ́ọ̀lù, àwọn èèyàn rẹ̀ mú 21 níbẹ̀, 257 yáàdì, touchdown mẹ́ta (ìyẹn kí bọ́ọ̀lù wọlé ọ̀tá, bíi góòlù). Ṣé ẹni tó ṣe báyìí náà la fẹ́ máa bú? Ẹ̀gbọ́n kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó fẹ́ fi ewé ra ọjà.

Ọ̀rọ̀ dé orí sùúyà. Àbúrò wọn ń kó ọmọ jáde ní Sátidé, ẹni tó bá jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì ló máa ra sùúyà fún gbogbo ilé, èrò tó ń bọ̀ ò sì kéré. Ọdún kejì tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù yìí nìyí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá nìkan ni mo mọ̀ kí n tó dé ibí. Ẹ jọ̀ọ́, tí eré bá parí, kí lẹ fi ń mọ̀ pé quarterback ṣiṣẹ́ rẹ̀ àbí kò ṣe é?

BàbáÌbejì_Philly

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ ayọ̀ mi ná. Ohùn mi ti há, ìyàwó mi ní òun ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Wẹ́sídeè, àwọn ará òkè wa ṣì ń lu abọ́ ní òpópónà. Ó tán.

Adé àbúrò mi, o jẹ̀bi. Àna rẹ náà jẹ̀bi. Ẹ̀yin méjèèjì ń wo Mahomes, ẹ ò wo àwọn mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀.

Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kó jìnnìjìnnì bá quarterback, wọ́n sábà máa ń rán èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní blitz. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí o bá rán lọ ti fi ibi tó ń ṣọ́ sílẹ̀, ojú Mahomes sì mú, kíá ló máa rí àyè yẹn. Vic Fangio, bàbá tó ń darí àwọn adènà wa ní Eagles, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà 42 ni Mahomes fà sẹ́yìn pé òun fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, Fangio ò ṣe blitz lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Àwọn mẹ́rin ló ń rán ṣáá, mẹ́rin yẹn náà sì ń débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n gbé ọkùnrin yẹn lulẹ̀, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí látìgbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí jẹun. Josh Sweat nìkan mú méjì àti ààbọ̀ (tí ẹni méjì bá jọ gbé e lulẹ̀, wọ́n á pín in), Milton Williams mú méjì.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀: mẹ́rin ń lé e, méje dúró sẹ́yìn bí ológbò tó lúgọ sẹ́nu ihò. Ta ló fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí?

ÌbàdànKìíSùn

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ kú ìgbádùn. Agogo méjìlá ààbọ̀ òru lèmi bẹ̀rẹ̀ sí wo eré yẹn ní Bódìjà níbí. Iná lọ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, mo bọ́ sórí fóònù, dátà mi sì tán gẹ́lẹ́ tí abala kìíní parí. 24 sí òdo ni. Mo ní Ọlọ́run ló ní kí n lọ sùn.

Ohun tí mo rí ni pé Mahomes dà bíi gólì tí àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ ti sá lọ. Gólì tó bá jẹ mẹ́rin, ṣé òun nìkan la máa dá lẹ́bi?

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un o, kì í ṣe ẹjọ́ Adé: Moro Ojomo tó wà láàárín àwọn adènà Eagles yẹn, Èkó ni wọ́n bí i sí. Christian Okoye náà tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún Chiefs láyé ọjọ́un, ọmọ Ẹnúgu ni, òun ló sáré jù gbogbo líìgì lọ lọ́dún 1989, 1,480 yáàdì. Ibi yòówù kí ẹ gbà, ẹ̀jẹ̀ tiwa wà níbẹ̀.

ÌyáGáàdì

Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ń gbá bọ́ọ̀lù yìí nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Maryland níbí. Left guard ni, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó ń dí ọ̀nà kí ọ̀tá má dé ọ̀dọ̀ quarterback. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ìkòkò ìrẹsì mi ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo eré ni mo lọ wò, bọ́ọ̀lù ni mo ń tẹjú mọ́ bíi gbogbo ayé. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọkọ̀, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ẹ rí mi?" Mo ní mo rí ọ, o ṣe dáadáa. Ó ní, "Kí ni mo ṣe?" Ẹnu mi wọhò. Mi ò lè dárúkọ ohun kan ṣoṣo.

Nígbà tí a délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi mú ife márùn-ún, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó gbé ìgò iyọ̀ sẹ́yìn wọn. Ó ní, "Iyọ̀ yìí ni quarterback." Ó tọ́ka sí ife tó wà nípẹ̀kun lápá òsì: left tackle nìyẹn. Tí quarterback tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù bá ti fà sẹ́yìn, apá òsì yẹn ló kọ ẹ̀yìn sí. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rí i títí yóò fi gbọ́ gbì.

Lánàá, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó tún lọ kó ife jáde, ó ní òun fẹ́ fi hàn mí ìdí tí Kansas City fi máa jìyà. Gbogbo sáà yìí ni wọ́n fi wá ẹni tó máa dúró nípẹ̀kun òsì yẹn. Wọ́n gbé ọmọdé síbẹ̀, kò gbé e. Wọ́n gbé ẹlòmíràn, kò rójú. Ẹni tí wọ́n wá gbé wọlé láti ìta, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá a dúró. Ni wọ́n bá mú Joe Thuney, gáàdì tó dáa jù lọ́wọ́ wọn, wọ́n tì í lọ síbẹ̀, Mike Caliendo sì bọ́ sí ipò Thuney. Ọmọ mi mú ife kejì, ti gáàdì, ó fi rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ó wá wo ihò tó ṣẹ́ kù, ó dìde, ó lọ mú ife rọ́bà tí àbúrò rẹ̀ fi ń mu ògì, ó gbé e síbẹ̀. "Mọ́mì, ihò kan ni wọ́n dí, méjì ló ṣí."

Mi ò fi bú ọmọ ọlọ́mọ o. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá dúró níbẹ̀, ó máa dúró ni.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín ni kí ẹ má wo bọ́ọ̀lù fún ìgbà tí ẹ fi máa ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹ̀yìn àwọn márùn-ún yẹn ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí quarterback. Tí ẹ bá ti rí i tí àyà rẹ̀ yí padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́, ọ̀tá ti kọjá lára rẹ̀ nìyẹn, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

AdéHouston

Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ní kí ìyàwó mi kó ife jáde. Ó ní tí mo bá fọ́ ọ̀kan, mo gbé e.

Oníṣirò_Peckham

Adé, ìwé tí o kà kò parọ́. Ó kàn dákẹ́ ni.

Ọdún mọ́kànlá nìyí tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò ìwé owó fáwọn èèyàn, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń bèèrè ni pé *ìgbà wo* ni owó yìí wọlé. Bi ìwé Mahomes náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí abala kìíní fi parí, ó ti ju 14, wọ́n mú mẹ́fà, 33 yáàdì péré, àwọn Eagles já méjì gbà. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lápapọ̀ ò ní ju 23 yáàdì lọ, nítorí pé wọ́n ń yọ ibi tí wọ́n ti gbé e lulẹ̀ kúrò nínú ti ẹgbẹ́. Nínú 257 tí o fi ń yangàn, 224 wọlé ní abala kejì. Touchdown mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Ìgbà tí àkọ́kọ́ wọlé sọ́wọ́ Xavier Worthy, kọ́tà kẹta ti ń parí lọ, 34 sí òdo ló sì wà. Òjò tó dé lẹ́yìn tí àgbàdo ti gbẹ nìyẹn. Àwọn Eagles ò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, kí aago ṣáà máa lọ ni wọ́n ń wá.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ nípa nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní passer rating, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa gbé e wá. Ti Mahomes lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ 95.4; 158.3 ni òkè pátápátá. Ẹni tó bá rí 95.4 á ní ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin péré ló wọ inú ìṣirò yẹn: ìdá tí wọ́n mú nínú èyí tó jù, yáàdì, touchdown, àti èyí tí ọ̀tá já gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tí wọ́n gbé e lulẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí Williams lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ́tà kẹrin ò sí níbẹ̀. Bí ẹni ṣírò èrè ọjà láìyọ owó ọkọ̀ ni.

Tí mo bá jẹ́ ìwọ, mi ò ní mú ìwé yẹn dé iwájú àna mi rárá.

ỌmọKCMO

Ẹ jẹ́ kí àwa tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Alátìlẹyìn Chiefs ni mí látọdún 2013, Kansas City ni mò ń gbé, mo sì ń sọ fún yín pé Mahomes jẹ̀bi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi.

Ẹ wo èyí tí Cooper DeJean, adènà Eagles, já gbà. 10 sí òdo ni nígbà náà, eré ṣì wà níbẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra ni, yáàdì tó kù kí a tó lè di bọ́ọ̀lù mú lọ sì pọ̀. Ó sá lọ sápá ọ̀tún, ó wá ju bọ́ọ̀lù padà sí àárín. Gbogbo ọmọdé tó ń kọ́ iṣẹ́ quarterback ni wọ́n ti sọ fún pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ń lé ọ, tí ọ̀nà ò sì sí, ju bọ́ọ̀lù síta. Jẹ́ kí ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù jáde wá ta á. DeJean já a gbà, ó sáré 38 yáàdì wọlé, 17 sí òdo. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà ni o, ó pé ọdún 22 lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó fi ojú wa ṣe kéèkì.

Èyí tí Zack Baun mú ńkọ́? Ẹ̀yìn ilé wa ni, yáàdì 14 sí ẹnu ọ̀nà wa. Ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, A.J. Brown ti gba touchdown, 24.

Ẹ ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ ò dáa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká rántí Super Bowl oṣù Kejì 2021 ní Tampa. Tackle wa méjèèjì ló fara pa, a ò ní èyí òsì, a ò ní èyí ọ̀tún. Wọ́n lé Mahomes káàkiri títí ilẹ̀ fi mọ́, 31 sí 9 ni wọ́n nà wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó ń ṣubú lọ, ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú afẹ́fẹ́, ó ṣì ń ju bọ́ọ̀lù tó ń lọ bá ẹnìkejì rẹ̀ lójú gan-an. Mi ò dá a lẹ́bi ọjọ́ yẹn. Lánàá, mo rí i tó ń sá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lé e.

Òun fúnra rẹ̀ jáde lẹ́yìn eré, ó ní ẹ̀bi àwọn bọ́ọ̀lù yẹn ti òun ni. Tí onígbèsè bá ti jẹ́wọ́, kí ni alágbàwí tún ń wí?

ÌyáGáàdì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìgbà tó ń sá láìsí ẹni tó ń lé e, àwọn tó ti kọ́kọ́ gbé e lulẹ̀ ló ń sá fún.

ỌmọKCMO

Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yín lágbára. Mo gbà á, mi ò sì gbà á. Ó ti gba ife yìí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di àná. Owó tí wọ́n ń san fún un, owó pé kó má sá fún ekòló ni.

ÌbàdànKìíSùn

😂😂 Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnìkan kọ èyí sórí aṣọ.

BàbáÌbejì_Philly

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Jalen Hurts, quarterback wa, òun ló sì gba MVP, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú eré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń wọn quarterback, ẹ má wo ẹni tó fìdí rẹmi nìkan.

Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí kan náà ló pàdé nínú Super Bowl oṣù Kejì 2023. Lọ́jọ́ yẹn, Hurts ju 304 yáàdì, ó ní touchdown kan nínú jíjù, ó fi ẹsẹ̀ sáré gba mẹ́ta. Ọkùnrin yẹn gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n se oògùn fún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó gbá a, Nick Bolton ti Chiefs gbé e, ó sáré 36 yáàdì wọlé. Wọ́n fi 38 sí 35 nà wá. Mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀, ẹ má sọ fún àwọn ìbejì.

Lánàá, 221 yáàdì ló jù, 17 nínú 22, touchdown méjì, wọ́n sì já ọ̀kan gbà lọ́wọ́ òun náà ní abala kìíní. Ó fẹsẹ̀ sáré 72. Tí ẹ bá gbé eré méjèèjì kalẹ̀, èyí tó pàdánù yẹn ló dáa jù fún un. Ṣùgbọ́n ti àná ló gbé ife wálé. Ìyàtọ̀ kan nìyí: nígbà tí wọ́n já bọ́ọ̀lù yẹn gbà lọ́wọ́ Hurts, kò dun wá. Àwọn adènà jáde, wọ́n tún lọ gbà á padà. Quarterback tó bá mọ̀ pé ẹ̀yìn òun le, ọwọ́ rẹ̀ á tutù.

Èmi gan-an mọ̀ pé Sweat ló yẹ kí wọ́n fún ní MVP yẹn. Mi ò ní sọ ọ́ ní òpópónà níbí.

KóòṣìKékeré_Atlanta

Mo ń ran kóòṣì àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ń ṣe é, kí Adé lè lò ó ní Sátidé.

A máa ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn asọ̀rọ̀ ti dá ẹjọ́ kí ojú rẹ tó rí ohunkóhun, orúkọ quarterback ló sì máa ń yá sí wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, a máa wo eré kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, àwọn márùn-ún tó wà níwájú nìkan, bí ÌyáGáàdì ṣe wí. Ìgbà kejì, ẹsẹ̀ quarterback. Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọra tẹ̀ síwájú sí ibi tó fẹ́ jù ú sí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Tó bá ń jó lórí ìka ẹsẹ̀ bí ẹni tó tẹ eèrà, tí ẹnikẹ́ni ò sì sí nítòsí rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á, ọ̀rọ̀ ỌmọKCMO wá bọ́ sójú ọ̀nà níbẹ̀ yẹn.

A tún máa ń bèèrè pé yáàdì mélòó ló kù. Èyí ni ọ̀pọ̀ olùwòran ń gbàgbé. Tó bá jẹ́ yáàdì mẹ́ta ló kù, quarterback lè ju bọ́ọ̀lù kúkúrú kíá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, àwọn tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré jìnnà, ó sì gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n. Dídúró yẹn ni ikú rẹ̀. Chiefs ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bọ́ọ̀lù sáré rárá lánàá, nítorí náà gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bá ara wọn níbi tí yáàdì ti pọ̀. Ẹni tó yan eré tí wọ́n fẹ́ ṣe náà ní ìdáhùn tirẹ̀, kì í ṣe Mahomes nìkan ló wà lórí pápá.

Bí ẹ bá ní kí n pín ẹ̀bi bọ́ọ̀lù méjì yẹn: ti DeJean, Mahomes ló ni ín. Ó ní ọ̀nà mìíràn, ó lè jù ú síta. Ti Baun, mo máa pín in, torí Baun fò gbalaja mú nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní mú. Ẹ tiẹ̀ ń pín ẹ̀bi bí ẹni pé àwọn Eagles ò wá. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn wá síbi iṣẹ́ o!

Oníṣirò_Peckham

Kóòṣì, ẹ ti gba iṣẹ́ mi. Mo fi kún un pé kí Adé kọ ọ́ sílẹ̀ lórí bébà bó ṣe ń wò ó, kó pín bébà náà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó jù, èyí tó ní àyè tó sì jù dáadáa, èyí tó ní àyè tó sì bà á jẹ́. Abala kìíní nìkan ni kó kọ. Ti abala kejì, kó jẹun.

AdéHouston – ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kejì

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. A kó ọmọ jáde, Ọlọ́run jẹ́ kó dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹjọ́.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò jẹun tán, ẹ̀gbọ́n gbé rìmóòtù, èmi gbé bébà. A pa ohùn rẹ̀ bí Kóòṣì ṣe wí. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n ń ṣẹ́gun mi ni, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tí àyè wà tí Mahomes ò lò ó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò yàn án jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di kọ́tà kejì, bébà apá òsì ń kún. Apá òsì yẹn ni mo fún àwọn tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó jù. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá a dúró, ó ń dá a padà sẹ́yìn, ó ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí Thuney tí àyà rẹ̀ yí padà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àyà!" Ìyàwó mi ní kí la ń sọ.

Ìyá ìyá ọmọ tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Òṣogbo ní oṣù tó kọjá, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń wẹ ọmọ lẹ́sẹ̀ kéékèèké. Wọn ò rí irú bọ́ọ̀lù yìí rí láyé. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ń lé yẹn? Kí ló jí?"

Mo ní kò jí nǹkan, Màmá, bọ́ọ̀lù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n tún wò ó. Sweat tún gbé e lulẹ̀. Màmá ní, "Àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà dà?"

Ẹ̀gbọ́n gbé rìmóòtù kalẹ̀. Kò sọ ohunkóhun, ó wọ bàtà, ó ní kí n jẹ́ ká lọ. A jọ san owó sùúyà, ìdajì sí ìdajì, ti DeJean ló mú ìdajì tèmi wá. Ata ẹ̀ pọ̀ jù.

ÌyáGáàdì

Ẹ bá mi kí Màmá gan-an ni. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi ní ìbéèrè wọn yẹn ni kóòṣì wọn ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

ỌmọKCMO – ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹrin

Mo padà wá sórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹgbẹ́ líìgì bẹ̀rẹ̀ sí yan àwọn ọmọ tuntun láti yunifásítì lálẹ́ àná, ẹ sì mọ ẹni tí Chiefs fi àǹfààní àkọ́kọ́ wọn mú? Josh Simmons, láti Ohio State. Left tackle.

Ibi tó ta mí jù nìyí: ipò 31 ni a wà lórí ìlà àwọn tó ń yan ọmọ, a gbà láti sún sẹ́yìn sí 32, àwọn tí a sì fi ipò yẹn sílẹ̀ fún ni Eagles. Eagles kan náà! Wọ́n fi mú adènà mìíràn, Jihaad Campbell. Orúnkún Simmons ló ṣẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìdí tó fi kù sílẹ̀ fún wa títí di ibẹ̀ nìyẹn.

Mọ́mì, mo yọwọ́. Ẹgbẹ́ wa gan-an ti sọ ẹni tí wọ́n rò pó jẹ̀bi.

AdéHouston

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún Màmá tán. Mo ní wọ́n ti wá ẹnìkan tó máa bá ọmọ yẹn dúró lápá òsì.

Wọ́n ní, "Ṣé ó ga?"

Mo ní ó ga, Màmá. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún.

Wọ́n ní kí n gba nọ́ńbà rẹ̀, pé òróró àdí wà nínú báàgì àwọn.